Obìnrin Ilé Ló Ń Gba Ìyàwó: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Ara Tó Ń Ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan mú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ wá hàn mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi níbí ní ìlú Ara. Yunifásítì kan ló gbà á sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, mo súre fún un, ìyá rẹ̀ ń ṣe àmín bí ẹni pé wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Nígbà tí àdúrà parí, mo bi í pé, "Ta ni wàá lọ bá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé?" Ó yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀."

Wọn kì í kọ ọ́ síbẹ̀. Ọdún 1984 ni mo gba tèmi, kò sí nínú tèmi náà. Ìwé mi sọ iye owó oṣù, ó sọ ìpele tí wọ́n fi mí sí, ó sọ iye ọdún tí wọn óò fi wò mí kí wọ́n tó fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, ó sì sọ iye oṣù tí n óò fi ṣáájú sọ fún wọn bí mo bá fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe máa jáde wà níbẹ̀ kedere. Bí mo ṣe máa wọlé ni kò sí.

Nígbà ọ̀dọ́ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yunifásítì láti Ara yìí á di ẹrù rẹ̀, á forí lé Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀. Lóde òní, iṣẹ́ ọ̀hún ló wá bá yín nílé. Pólì ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹdẹ nítòsí wa ní 1992. Wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2006, ti Adeleke tẹ̀lé e ní Ẹdẹ ní 2011. Yunifásítì Redeemer's, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2005 lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kó ẹrù rẹ̀ wá sí Ẹdẹ lẹ́yìn náà. Ọmọ Ara lè mu ẹ̀kọ rẹ̀ láàárọ̀, kó gun ọ̀kadà, kó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ ti pọ̀ níbẹ̀: akọ̀wé, awakọ̀, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, olùkọ́. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Mo fi nọ́ńbà sí i nítorí pé akọ̀wé ni mí fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní nọ́ńbà, ojú mi kì í rí i dáadáa.

1. Ẹ má dúró de ọ̀gá kí ẹ tó gba àlejò

Nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé ọkọ, ta ló ń da omi sí i lẹ́sẹ̀? Kì í ṣe baálé. Baálé jókòó sínú ilé, ó ń dúró kí wọ́n mú un wá kúnlẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ló ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí wọ́n ti gbé níyàwó wá síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn náà ló ń fà á sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì: inú ìkòkò yìí la ti ń bu omi mímu, ti fífọ̀ wà lẹ́yìn ilé, ìyá àgbà tó wà ní yàrá ìpẹ̀kun yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń kí i láàárọ̀, kì í gbọ́ ti àkọ́kọ́, ọmọ tí o rí yìí, bó ti wù kó kéré tó, wọ́n ti bí i kí o tó dé, o ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, pè é ní Adúmáadán tàbí Eyínfúnjowó tàbí Akọ̀wé.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí nìkan ló ti ṣe àlejò nínú ilé yẹn rí, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Baálé, inú ilé ni wọ́n bí i sí. Kò mọ ohun tí àlejò kì í mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá àgbà yunifásítì àti ríjísírà. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọ́n á kó yín jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n á pín omi inú ike, ọ̀gá á sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ, ẹ óò ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí ètò ìkíni káàbọ̀ tó wáyé nígbà tí àwọn tí wọ́n ń kí ti lo oṣù mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀kan nínú wọn sì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí fọ́tò tó jáde. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ojú yẹn kò tíì ríran ló nílò ẹni tó máa mú un lọ́wọ́, ẹni ọ̀hún sì ni ìwọ tó o jókòó sí tábìlì tó kan tirẹ̀.

2. Ẹni tó dé lánàá ni kó mú ẹni tó dé lónìí rìn

Bẹ́ǹṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Aago mẹ́jọ ni mo ti jókòó lórí rẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹ̀gbọ́n mi yá mi, mo fi àpòòwé sórí orúnkún. Àwọn èèyàn ń kọjá, gbogbo wọn ń kí mi, kò sẹ́ni tó bi mí ohun tí mo wá ṣe. Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, másinjà àgbàlagbà kan tó wọ kákí gbé faìlì gègèrè kọjá lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dúró. Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ó gba ìwé ọwọ́ mi. Kò mọ̀wé kà, mo padà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo òǹtẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Èyí tí òǹtẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ elésè-àlùkò, ọ́fíìsì àwọn faìlì ló ń lọ. Kì í ṣe ibí. Dìde ńlẹ̀." Wákàtí mẹ́ta ni bàbá yìí fi mú mi rìn. A lọ gba nọ́ńbà faìlì. A lọ sí kílíníìkì òṣìṣẹ́ fún àyẹ̀wò ara, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ òun ni mí kí wọ́n má baà ní kí n padà wá lọ́la. A dé ọ́fíìsì bọ́sà fún fọ́ọ̀mù báńkì. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá oníràísì lẹ́yìn gáréèjì, ó ní, "Ìyá, ẹ wo ojú èyí dáadáa. Títí ìparí oṣù ni kó máa jẹun." Ìyá wò mí, ó bu ìrẹsì, ó fa ìlà kan sára ògiri pẹ̀lú èédú.

Bí a ti ń jẹun lọ́wọ́, ó ní kí n ṣe ẹ̀dà ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ mi mẹ́ta: ọ̀kan fún ara mi, ọ̀kan fún faìlì, ọ̀kan sínú àpótí ìyá mi. Mo rẹ́rìn-ín nípa ti àpótí yẹn. Nígbà tó tó bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ń yẹ ìwé òṣìṣẹ́ wò, wọ́n wá faìlì mi títí, wọn ò rí i. Orúkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kúrò nínú ìwé owó oṣù. Mo wọkọ̀ wá sí Ara lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a tú àpótí ìyá mi, ìwé náà wà láàárín aṣọ òkè méjì, ó ń rùn bí káńfọ̀.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ rèé: ẹ yan ẹnì kan ti ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn fún ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ má yan ẹni tó pẹ́ jù. Bàbá másinjà tèmi ṣọ̀wọ́n láyé. Púpọ̀ nínú ẹni tó ti lo ogún ọdún ti gbàgbé pé ẹnu ọ̀nà ṣòro wọ̀. Ẹni tó ti lo ọdún kan tàbí méjì ni kó ṣe é, ẹni tí ìyà yẹn ṣì ń ta lára díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ fi yípo, kó má baà di ẹrù ẹnì kan ṣoṣo, pàápàá ọmọbìnrin tó jẹ́ ọlọ́yàyà jù lọ ní ọ́fíìsì, torí òun ni gbogbo yín máa fẹ́ gbé e lé lórí.

3. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ní ọ́fíìsì kan tí mo wà fún ìgbà pípẹ́, a ní ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ àkọsílẹ̀ ọjà. Ìwé Àlejò là ń pè é. Inú dúrọ́ọ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé. Òfin kan ṣoṣo ló wà fún un: ohun tí o bá ti ṣì ṣe rí nìkan lo lè kọ sínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìwà ò wọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwúrí ò wọbẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń júwe kòtò.

Mo rántí díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Fọ́ọ̀mù ìsinmi, ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i. Ẹni kẹta ni kó o kọ́kọ́ wá ibi tó wà, torí òun ló ń rìnrìn àjò jù." Òmíràn: "Kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ kò sí lọ́wọ́ olórí sítọ̀. Ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀." Èyí tó ran èèyàn lọ́wọ́ jù, akọ̀wé obìnrin kan ló kọ ọ́, bírò pupa ló sì fi kọ ọ́: "Fọ́ọ̀mù APER: oṣù Kìíní ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí o ṣe sílẹ̀. Bó bá di ìparí ọdún, o ò ní rántí, ọ̀gá rẹ náà ò sì ní rán ọ létí." Ẹ̀yin tuntun, fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n fi ń gbé yín ga lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún akọ̀wé yẹn nígbà tó dé. Ó kọ "mo ṣe iṣẹ́ mi dáadáa" sí gbogbo àlàfo, ó sì wà lójú kan fún ọdún mẹ́rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù lè fi ẹgbẹ́ WhatsApp ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti rí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù àwọn ọmọ mi: àdúrà òwúrọ̀, àwòrán òdòdó, ìkéde òkú, ọ̀rọ̀ òṣèlú, ohun tí èèyàn ń wá ti rì sísàlẹ̀. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ ní ọ̀kan tí wọn kì í kí ara wọn nínú rẹ̀.

4. Ẹ ṣètò owó kí ebi tó dé

Owó oṣù kì í tètè mọ ojú ẹni tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì rẹ̀ sínú ètò IPPIS, tí wọ́n ti ń sanwó láti Àbújá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá tètè wọlé síbẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má rí kọ́bọ̀. Oṣù Kejìlá 2023 ni ìjọba tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kúrò níbẹ̀. Ti aládàáni ò sí nínú wàhálà yẹn, ṣùgbọ́n oṣù àkọ́kọ́ máa ń gùn níbi gbogbo.

Ohun tí àwa ṣe rèé. A jẹ́ mẹ́jọ, ẹgbẹ̀rún méjì náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún. A ń yá ẹni tuntun ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ títí owó oṣù rẹ̀ fi máa dé. Kò sí èlé. Láti owó oṣù kejì tó bá gbà ni yóò ti máa dá a padà, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Ẹnì kan kó owó yìí lọ, kò sì padà wá mọ́; a bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, a pín àdánù náà láàárín ara wa, a sì tún yá ẹni tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe oore. Ẹni tí kò jẹun láàárọ̀ máa ń fi faìlì síbi tí kò yẹ, àwa náà la ó sì wá a títí di ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú un lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún un bó ti rí: wọn óò máa yọ owó nínú owó oṣù rẹ kó tó dé ọwọ́ rẹ, bó bá pẹ́ díẹ̀ wàá lè yá ju ohun tí o ti fi pamọ́ lọ, o sì nílò onídùúró. Níbi onídùúró yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹni tí kò tíì pé ọdún kan wá bá òun ṣe onídùúró. Ọmọ tuntun ò lè wí fún ẹni tó ń pè ní "ẹ̀gbọ́n" pé rárá, àwọn ẹ̀gbọ́n kan sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

5. Àáró ni kí ẹ fi kọ́ ara yín níṣẹ́, kì í ṣe ọ̀wẹ̀

Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, á wá ẹmu, àwọn èèyàn á bá a ro oko rẹ̀, ó parí. Àáró máa ń yípo: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, títí yóò fi kárí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe dà bí ọ̀wẹ̀. Wọ́n á pe onímọ̀ kan wá láti Èkó, wọ́n á se ìrẹsì, á sọ̀rọ̀ títí di aago mẹ́rin, a ó gba ìwé ẹ̀rí, ó di ọdún mìíràn.

Ní 1999, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan wá sí ọ́fíìsì wa. A fi aṣọ funfun bò ó. Oṣù méjì ni a fi ń gbá eruku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, bí ẹni pé ará ọ̀run ló jókòó síbẹ̀. Ìgbà tí àgùnbánirọ̀ kan dé, ọmọbìnrin kékeré láti ìhà ìlà-oòrùn, ó bèèrè ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Lọ́jọ́bọ̀, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, ó ká aṣọ kúrò. Ó ń sọ fún mi pé, "Sà, ẹ tẹ ibí yìí, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́." Èmi tí mo ti pé ogójì ọdún kọjá, ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, òógùn ń bọ̀ lójú mi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, a tún ṣe é.

Ní tèmi, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Èyí tó kọ́kọ́ kọ jẹ́ ojú ìwé mọ́kànlá. Ó kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ikọ́ tí alága wú. Mo ní, "Ọmọ mi, ohun tí a fẹnu kò lé lórí la ń kọ, kì í ṣe ariwo." Ó gé e sí ojú ìwé méjì. Nígbà tó yá, ó kan gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan másinjà ọ́fíìsì wa náà: ó fi hàn wá bó ṣe ń to lẹ́tà ọgọ́ta ní ọ̀nà tí kò fi ní rin ojú ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti lọ sí àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí kò kọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Ẹdẹ ò sì nílò kí n wá àpẹẹrẹ lọ sókè òkun. Ní Redeemer's níbẹ̀ ni ibùdó tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àbùdá àrùn, tí wọ́n mọ̀ sí ACEGID, èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi darí. Àwọn wà lára ẹni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2014 pé Ẹ̀bólà ló dé Èkó. Ní oṣù Kẹta 2020, àwọn ló kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò Kòrónà jáde nílẹ̀ Áfíríkà. Kíkọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wá láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ bá ṣeé fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ta ni ìwọ tó ń fi bí wọ́n ṣe ń to faìlì pamọ́?

6. Ẹ mọ ibi tí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín ti wá

Ẹ̀yin tí ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti 2022 ká mọ́lé nígbà tẹ́ ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo mọ irú èpè tẹ́ ẹ ṣẹ́ lé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Mo gbọ́ ọ létí mi. Lónìí, díẹ̀ nínú yín ti di ọmọ ẹgbẹ́ náà, ẹ̀rín ń pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn yìí fún yín. Ọdún 1978 ni wọ́n dá ASUU sílẹ̀. Ìjọba ológun fòfin dè é ní 1988, ó tún dìde. Ìyanṣẹ́lódì 1992 parí sí àdéhùn, nínú ohun tí àwọn olùkọ́ sì ń jà fún ni pé kí ilé-iṣẹ́ aládàáni máa dá owó sí ètò ẹ̀kọ́. Ní 1993, ìjọba ṣòfin owó orí ẹ̀kọ́: ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè ilé-iṣẹ́. Àpò tí owó yẹn ń wọ̀ ló di TETFund ní 2011. Nígbà tí olùkọ́ kan ní pólì Ẹdẹ bá gba owó lọ kàwé dókítà, owó yẹn ló sábà máa ń jẹ́. Òṣìṣẹ́ ló jà fún un. Kì í ṣe ẹ̀bùn ọ̀gá, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀gá kankan fún yín bí ẹni fúnni lóbì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún yín, ẹ padà wá. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé òun á padà wá ṣiṣẹ́, tó wá dúró sí Kánádà, ẹni tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́.

Àpò TETFund, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ti aládàáni, ẹ ó wá ọgbọ́n mìíràn dá, àáró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló sì sún mọ́ yín jù.

Pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń jà fún ohun tó ń rí gbà, bẹ́ẹ̀ ló rí lókè òkun náà. Ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, àwọn akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, dìbò ní 1988 pé àwọn fẹ́ ẹgbẹ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, nídìí oúnjẹ ọ̀sán, kí wọ́n tó rí i gbà, ìbò díẹ̀ péré ni wọ́n sì fi borí.

7. Ìkíni

Ẹgbẹ́ mẹ́rin tó gbajúmọ̀ ló pín yunifásítì ìjọba láàárín ara wọn: ASUU ti olùkọ́, SSANU ti òṣìṣẹ́ àgbà, NAAT ti onímọ̀ ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò, NASU ti àwọn yòókù. Ó dára fún ìjà, kò dára fún ìgbàlejò. Ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ́ dí ìkíni lọ́wọ́. Dókítà tuntun tó bá ń pe awakọ̀ tó tó bàbá rẹ̀ ní "ìwọ", ẹ fà á létí ní kọ̀rọ̀, kíákíá, kí ọjọ́ tó nílò ọkọ̀ tó dé. Bàbá tó mú mi rìn ní 1984, ìpele rẹ̀ kéré sí tèmi. Títí ó fi fẹ̀yìn tì ni mo ń dọ̀bálẹ̀ kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú gbogbo ayé.

8. Ìkíni káàbọ̀ tó ní ìwọ̀ nínú

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ọ̀gá tó bá ní kí o dúró lẹ́yìn aago mẹ́rin kí òun "fi iṣẹ́ hàn ọ́", tí kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tẹ́ ẹ jọ dé, má dá lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀ mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín nípa rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ sọ fún ọmọ tuntun nìyẹn, kó tó kan ti ìyá oníràísì. Kí ẹnì kan sì bá a dúró.

9. Bí ètò yín bá dára, wọ́n á fẹ́ gbà á

Ìwé Àlejò tí mo sọ, ọ̀gá kan rí i. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá kalẹ̀ láti sọ ọ́ di ìwé gidi. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ó jáde lórí pépà tó ń dán: àwòrán ọ̀gá wà níwájú, orin ilé-ẹ̀kọ́ wà lẹ́yìn, gbogbo òfin wà láàárín. Kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ ò sí níbẹ̀. Wọn ò lè tẹ irú ìyẹn jáde, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n gba ti dúrọ́ọ̀ lọ́wọ́ wa láti fi ṣe àwòkọ, wọn ò sì dá a padà.

Nítorí náà, bí àwọn ọ̀gá bá dé, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta: àkókò díẹ̀ láàárín iṣẹ́, yàrá tí a lè jókòó sí, àti kí wọ́n kà á sí iṣẹ́ fún ẹni tó ń mú àlejò rìn nígbà tí wọ́n bá ń kọ fọ́ọ̀mù APER. Bí wọ́n bá fi owó ìjókòó ìpàdé lọ̀ yín, ẹ kọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí owó yẹn bá wọ̀ ọ́ ni ẹni tí kò lè mú ẹnikẹ́ni rìn máa di alága.

10. Ẹ gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2012 ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì ní àádọ́rin ọdún, kí àwa òṣìṣẹ́ yòókù lọ ní márùndínláàádọ́rin. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe àṣírí; ọjọ́ orí wa wà nínú faìlì láti ọjọ́ tí wọ́n gbà wá. Síbẹ̀ nígbà tí mo lọ ní 2021, wọ́n fún mi ní aago ara ògiri, wọ́n sì bèèrè kọ́kọ́rọ́ tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ohun mìíràn. Lóṣù kẹta, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún níbí ní Ara: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, inú faìlì wo ni ti ilẹ̀ yẹn wà?" Ẹ jókòó ti àgbà yín ní oṣù mẹ́fà tó kù. Ẹ mú bírò dání.

Ọmọ àbúrò mi lọ lọ́jọ́ Ajé. Kó tó lọ, mo fún un ní ìwé olójú ewé ọgọ́ta kan, mo kọ ìlà kan ṣoṣo sójú ìwé àkọ́kọ́: "Ṣe ẹ̀dà mẹ́ta." Ó padà dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé àmàlà síwájú rẹ̀, èmi sì gba ìwé náà wò. Ìlà mẹ́rin ló wà lábẹ́ tèmi. Ẹ̀kẹta ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì: "Ọ̀gbẹ́ni tó wà lójú wíńdò kejì ní bọ́sà kì í dáni lóhùn. Kí i ní 'ẹ kú oúnjẹ' nígbà tó bá ń jẹun, á rẹ́rìn-ín. Mo bú u ní Túsìdeè, mo dúró títí di aago mẹ́ta."